Ògbó Tó Mọ̀nà: Kọ̀ǹpútà Ilé, Linux àti Àmì Ohùn Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lójú yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹni tó bá ń kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ yẹ kó mọ bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe máa tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, àti pé Linux ni ètò tó fún un láàyè jù lọ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, àmì ohùn wa ni yóò kọ́kọ́ sọnù.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà níbí, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́ títí lọ dé Ìlá Ọ̀ràngún, ìtàn kan wà tí àwọn àgbà fi ń ṣàlàyé orúkọ wa. Wọ́n ní Odùduwà fún Ọ̀ràngún ní ògbó kan, tí í ṣe irú àdá, pé kó máa fi lànà nínú igbó. Ògbó náà ló mọ ọ̀nà, òun ló sì mú wọn dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. "Ògbó mi mọ̀nà" ni wọ́n ń wí, ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í sáré fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí, nítorí orúkọ sábà máa ń ṣáájú ìtàn tí a fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ gbólóhùn náà láìfi àmì sí i: "ogbo mi mona". Kí ni "ogbo" yìí? Ṣé ògbó tí a fi ń lànà ni, àbí ogbó tí í ṣe ọjọ́ alẹ́ ènìyàn? Ọmọ ilẹ̀ lè mọ̀ ọ́n nítorí ó ti gbọ́ ìtàn náà rí. Àjèjì tó ń kọ́ èdè wa kò lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú kò lè mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi bọ́ sásìkò

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àsìkò tí Microsoft fi ń tọ́jú Windows 10 fún gbogbo ènìyàn parí. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í gba kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́: ó ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń béèrè irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ sì mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílé wa. Ẹ̀rọ tó ṣì lágbára láti kọ ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fẹ́ ká sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí.

Linux kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó sì ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu jáde. Inú àwọn èdè Nguni ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè yóò sì rántí pé ìpìlẹ̀ "-ntu" tí í ṣe "ènìyàn" tàn káàkiri àwọn èdè Bantu. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ kò jìnnà sí ohun tí àwa ń kó sábẹ́ ìwà ọmọlúwàbí. Títí di ọdún 2011, wọ́n ń fi àwo CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Oore ńlá ni èyí jẹ́ fún ilẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń fà bí ìgbín.

Ìrìn àjò àmì wa

Kì í ṣe òní ni a ti ń jà fún àmì. Ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe jáde. Ní ọdún 1875, àwọn Ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a óò ṣe máa kọ èdè náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ jáde ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó ní ọdún 1966, nígbà tó sì di ọdún 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń kọ́ ní ilé ìwé títí di òní.

Bí a ti ń ṣe ìpàdé wọ̀nyí, ẹ̀rọ kò bá wa jókòó níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kò ní ẹ, kò ní ọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a tẹ ìwé tán, wọn a tún fi bírò fa àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọlọ́gbọ́n kan ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ́tà Yorùbá sí ipò àmì mìíràn. Ó rẹwà lójú ẹ̀rọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n bí fáìlì náà bá dé ibi tí fọ́ǹtì yẹn kò sí, ewì di wúruwùru. Iṣẹ́ ìwádìí tó gba ọdún púpọ̀ wà nínú àpótí àwọn olùkọ́ wa báyìí tí kò sí ẹni tó lè kà á mọ́ láìṣe pé ó kọ́kọ́ wá bí wọ́n ṣe pààrọ̀ lẹ́tà náà rí. Nítorí náà, kì í ṣe ìmọ́tótó lásán ni mo ń sọ. Bóyá ọmọ wa yóò lè ka ohun tí a kọ ni mo ń sọ.

Ibi mẹ́ta tí àmì ti ń sọnù

Oníṣègùn tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó ń dun aláìsàn kó tó já ewé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Bí àmì Yorùbá kò bá jáde bó ṣe yẹ, ibi mẹ́ta péré ni àrùn náà lè wà: ọwọ́, ojú, tàbí inú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kiri nígbà tó jẹ́ pé ó ti wà nínú Linux wọn. Ẹ lọ sí ibi ètò kíbọ́ọ̀dù nínú Settings, ẹ wá Nigeria. Ẹ óò rí Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú Hausa àti Ìgbò. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo X11, ẹ lè kọ èyí sínú terminal:

setxkbmap ng yoruba

Bí ẹ̀rọ yín bá ń lo Wayland, ẹ gba ọ̀nà Settings nìkan. Ẹ ṣí àwòrán kíbọ́ọ̀dù náà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ lè lo bọ́tìnì Compose. Ẹ yan bọ́tìnì kan tí ẹ kì í sábà lò, bíi Alt apá ọ̀tún, kí ó jẹ́ Compose. Ẹ tẹ Compose, ẹ tẹ àmì ìyanu, ìyẹn !, lẹ́yìn náà ẹ tẹ e: ẹ óò rí ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ àti ṣ. Àwọn kan máa ń tẹ àmì ìdánudúró dípò !, kàkà kí àmì bọ́ sísàlẹ̀, òkè ni yóò bọ́ sí, tí yóò di ė. Ìyẹn kì í ṣe lẹ́tà wa.

Ẹ́ àti ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ló kù. Fún ìyẹn, ẹ ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ .XCompose sínú àpò ilé yín, kí ẹ kọ irú èyí sí i:

include "%L"
<Multi_key> <exclam> <apostrophe> <e> : "ẹ́"
<Multi_key> <exclam> <grave> <e> : "ẹ̀"

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ àti fún lẹ́tà ńlá, kí ẹ jáde kúrò nínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì tún wọlé. Kì í ṣe gbogbo ètò ló ń ka fáìlì yìí bákan náà, nítorí náà ẹ dán an wò nínú ètò tí ẹ fi ń kọ̀wé gan-an. Ní tèmi, ibí yìí ni adùn Linux wà. Ẹnì kan kò jókòó sí ilẹ̀ òkèèrè kó pinnu ọ̀nà tí èmi yóò fi tẹ lẹ́tà èdè mi. Mo kọ ọ́ fúnra mi, ó sì gbà.

Ojú ló tẹ̀ lé e, ìyẹn fọ́ǹtì. Bí àmì bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí tó jókòó lé orí lẹ́tà kejì, kíbọ́ọ̀dù kọ́ ló ṣẹ̀. Fọ́ǹtì tí ẹ ń lò ni kò ní àmì náà, tí ẹ̀rọ fi lọ yá a lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn, aṣọ àyálò kò sì ba ara mu. Bí ẹ bá sì rí àpótí òfo dípò lẹ́tà, kò rí ẹni yá a rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ yín àwọn fọ́ǹtì tó gbà pé òun lè kọ Yorùbá:

fc-list :lang=yo

DejaVu, Noto àti Charis SIL kì í dójú ti ènìyàn. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ lè fi àṣẹ yìí mú méjì wá nínú wọn:

sudo apt install fonts-noto-core fonts-sil-charis

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé fọ́ǹtì kankan, ẹ fi ìlà yìí dán an wò: ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ Ẹ́ Ọ̀ ḿ ǹ ṣ. Ẹ tóbi rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di kékeré, ẹ sọ ọ́ di PDF. Mo ti rí iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí tinútinú, tí ilé ìtẹ̀wé kan sì sọ ìdajì rẹ̀ di àpótí òfo. Bí ó bá jẹ́ PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ ló gbé lọ, kò ní sí wàhálà.

Inú ló ṣòro jù, nítorí ojú kì í rí i. Nínú ètò Unicode, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Á ní nọ́ńbà kan, ẹ ní nọ́ńbà kan tí í ṣe 1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀: nọ́ńbà méjì ló ń so pọ̀, 1EB9 fún ẹ àti 0301 fún àmì òkè. Ó sì tún ṣeé ṣe láti kọ ọ́ ní mẹ́ta: e, àmì abẹ́, àmì òkè. Ojú rí ẹyọ lẹ́tà kan náà, ṣùgbọ́n ètò tí kò bá gbọ́n yóò ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ óò wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì yín, ẹ̀rọ yóò ní kò sí níbẹ̀, nígbà tí ẹ̀ ń wò ó kòrókòró. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ sọ gbogbo fáìlì di ìrísí kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC. Bí ẹ bá ti fi àpò icu-devtools sórí ẹ̀rọ yín, àṣẹ yìí yóò ṣe é:

uconv -x any-nfc iwe.txt > iwe-tuntun.txt

Ẹ kíyè sí ohun kan tí àṣẹ yìí kò lè wò sàn. Àwọn onímọ̀ kan fẹ́ràn láti fa ìlà kékeré òòró sábẹ́ lẹ́tà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0329, dípò kókó tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0323. Lójú wa, ìkọ̀wé ọwọ́ méjì ni. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni títí ayé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí gbogbo wa lo kókó nínú fáìlì, kí a fi ìrísí rẹ̀ sílẹ̀ fún fọ́ǹtì. Àwọn ará wa ní ilẹ̀ Benin ń lo ɛ àti ɔ ní tiwọn, ìyẹn sì ní ìlànà tirẹ̀. Kí a má ṣe da méjèèjì pọ̀ nínú ìwé kan.

Àwọn àìsàn ilé mìíràn

Àwọn ìṣòro tó kù kò tó èyí, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá iṣẹ́ dúró.

Iná ọba kì í dágbére kó tó lọ. Ìdí nìyí tí ext4, tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò fún ìpamọ́ fáìlì, fi ní ìwé ìrántí: ó máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, bí ìyá oníṣòwò ṣe ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri kó tó gbé ọjà àwìn fún oníbàárà. Bí iná bá lọ lójijì, yóò padà ka ìlà ara ògiri. Ètò ìpamọ́ ló ń dáàbò bò báyìí, kì í ṣe gbólóhùn tí ẹ kò tíì fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kí ètò ìkọ̀wé yín máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì ní ẹ̀dà kejì níta ẹ̀rọ náà.

Bí tòkunbọ̀ bá ṣàdédé kọ̀ láti ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń ní kò dáàbò bò yín, ẹ wo ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré tó ń ṣọ́ aago nínú rẹ̀ ti lè kú, kí ẹ̀rọ máa rò pé ọdún pípẹ́ sẹ́yìn ni a wà. Ìwé ẹ̀rí àwọn ojú ìwé náà ní ọjọ́, kò sì ní bá ọjọ́ irọ́ mu. Àṣẹ timedatectl yóò fi ọjọ́ náà hàn yín. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà. CR2032 ló sábà máa ń jẹ́, kò sì wọ́n.

Bí ẹ̀rọ bá ń wọ́, ẹ má sáré pè é ní àrùn àìwòsàn. Ẹ kọ free -h, ẹ ó rí bí ìrántí rẹ̀ ṣe ṣẹ́ kù. Ẹ kọ systemd-analyze blame, yóò dárúkọ àwọn tó ń fa ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń jí. Ẹ kọ journalctl -b -p err, yóò ka ẹ̀sùn gbogbo fún yín. Bí ìrántí bá kéré, ẹ pààrọ̀ ojúde GNOME sí Xfce tàbí LXQt tó fúyẹ́. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó yí òmíràn. Ẹni tó bá já ewé méje lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó wo àrùn sàn.

Èsì fún àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àwọn kan yóò ní, "Ọ̀gá, fóònù mi ń kọ Yorùbá, Windows pẹ̀lú ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá." Òótọ́ ni, n kò sì bá wọn jà. Ẹni tó bá ń fi wọ́n kọ àmì ohùn ti ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà kan bá kù síbẹ̀, tàbí tí ilé iṣẹ́ náà bá pinnu lọ́la pé èdè wa kò mówó wọlé, kí ni a óò ṣe? Lórí Linux, fáìlì kíbọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀, a lè ṣí i, a lè tún un ṣe, a sì lè fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé.

Àwọn mìíràn yóò ní ó le, dátà sì wọ́n. Ó le díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, bí àkọtọ́ fúnra rẹ̀ ṣe le fún ọmọ ilé ìwé. Ní ti dátà, ẹnì kan lè gbà á sílẹ̀ sórí fílàṣì kan ṣoṣo, kí ogún ènìyàn sì fi í sórí ẹ̀rọ wọn. Òfin kò lòdì sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ògbó kì í ṣe ogbó. Àwa tó ni èdè ni yóò gbẹ́ èèkù náà.

Ohun tó wà nínú ewu

Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wà níbẹ̀. Ọdún 1933 ni ìròyìn wọn tàn dé ìta. Ọdún 1945 sì ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Phillips Stevens tẹ ìwé lórí wọn jáde ní ọdún 1978. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fọ́, orí wà níbì kan, ara wà níbòmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ tí a kọ láìlámì ṣe rí nìyẹn. Ara wà, orí ti lọ. Ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà ní àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan, ẹnu àwọn àgbà ni wọ́n wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ gba ohùn wọn sílẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ láìlámì nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbà, ti kó ara wá, ó ti fi orí sílẹ̀. Bí àgbà náà bá papò dà, ta ni yóò sọ fún wa bóyá òkè ni ohùn náà, àbí ìsàlẹ̀? Ìdánwò èdè tónì yóò kọjá, ẹ̀rí yẹn kò ní padà wá mọ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù fi wákàtí kan sílẹ̀. Ẹ tún ọwọ́, ojú àti inú kọ̀ǹpútà yín ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ kọ orúkọ ara yín, orúkọ ìlú yín, àti oríkì ìdílé yín tàmì tàmì, kí ẹ fi pamọ́. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ ọ́n ṣe, kó kọ́ ẹnì kan sí i.